Bí dengue àti kòrónà bá pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Alábùkún. Mi ò rò pé ilé kan wà n'Ìbàdàn níbí, láti Bẹẹrẹ dé Àpáta, tí wọn ò ti mọ ìdì kékeré yẹn, orí ń fọ́ mi, ẹ bá mi ra Alábùkún, ara ń ro mí, ẹ bá mi ra Alábùkún, a dà á sẹ́nu, a fi omi tì í, ó tán. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú ẹ̀. Aspirin yẹn ló sì jẹ́ kí n máa kọ èyí, torí àwọn ibà kan wà tó jẹ́ pé téèyàn bá lo aspirin sí wọn, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí kò yẹ kó ti yọ. Dengue wà lára wọn.

Kẹ́ ẹ tètè mọ̀ o, èmi kì í ṣe dókítà, lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń jókòó sídìí máíkírọ́skóòpù á rí nǹkan. Àwọn èèyàn á wọlé wá, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo màláríà àti taífọ́ọ̀dù," bí ẹni ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà, tí màláríà bá sì ti jáde, ì báà jẹ́ plus kan péré, ọ̀rọ̀ ti bùṣe lójú tiwọn nìyẹn. Lọ́jọ́ kan àbúrò kan ládùúgbò bi mí pé òun kà á lórí fóònù pé èèyàn lè ní dengue kó tún ní kòrónà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé òótọ́ ni, báwo wá ni wọ́n ṣe ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn lórí ìdúró, mo délé, mo wá rí i pé ìdáhùn mi ò kún rárá.

Òótọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa méjèèjì, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ló yàtọ̀. Kòrónà ń ti inú èémí ẹlòmíì gba imú àti ẹnu wa wọlé. Dengue ní tiẹ̀, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, kì í sì í ṣe ẹ̀fọn màláríà tó ń kọrin sí wa létí lóru, òmíì ni, Aedes lorúkọ ẹ̀, ó dúdú, ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló ń jẹun, pàápàá láàárọ̀ àti kí oòrùn tó wọ̀. Kò sì sí òfin tó ní kí ẹ̀fọn fò kọjá lára ẹni tó bá ti ní kòrónà tẹ́lẹ̀.

Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé "kò sí dengue ní Nàìjíríà, àrùn àwọn ará Éṣíà ni." Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣèwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn yọ dengue jáde nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ibà láàárín 1964 sí 1968, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kà ní 1971. Àwọn bàbá wa tó ń ra aṣọ ní Gbági àtijọ́ ti ń ní dengue, màláríà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, èyí ti pẹ́ láàárín wa débi pé a ò lè pè é lájèjì mọ́. Ní ìparí 2023 NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdènà àrùn, kéde ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ọdún yẹn náà ló jà gan-an ní Burkina Faso, nígbà tó sì di 2024 iye tí wọ́n kà lágbàáyé ju mílíọ̀nù 14 lọ, Brazil ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tiwa níbí, a kì í wá a ni, ẹ ò sì lè rí ohun tẹ́ ẹ ò wá.

Ti kòrónà ò nílò àlàyé púpọ̀. 27 oṣù kejì 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 5 oṣù karùn-ún 2023 ni WHO ní kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́, àwọn èèyàn wá gbọ́ ìyẹn bíi pé ó ti kú. Kò kú o. Ó wà láàárín ọ̀fìnkìn àti ikọ́ tá a ń kó lọ́dọọdún, a kàn jáwọ́ nínú àyẹ̀wò ẹ̀ ni.

Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú ni pé ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì jọra wọn bí ìbejì. Ara gbígbóná, orí fífọ́, ara ríro, àìlè jẹun, èébì nígbà míì. Ó ní ohun tó máa ń tẹ̀ síbì kan díẹ̀: ti dengue, ẹ̀yìn ẹyinjú á máa dun èèyàn, eegun àti oríkèé á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó lù, ara lè sú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ti kòrónà, ikọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, imú tí ò gbóòórùn, èémí tó ń já. Àmọ́ ẹ má fi èyí dájọ́ fúnra yín, mo bẹ̀ yín, torí ẹni tó ní méjèèjì lè mú àmì ibí mú tọ̀hún, òmíì sì wà tí ò ní wúkọ́ rárá.

Àyẹ̀wò náà, èyí tó jẹ́ ilé iṣẹ́ tiwa, ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ti dengue, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀, NS1 ni wọ́n máa ń wá, ara fáírọ́ọ̀sì gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, IgM ni, èyí tí ara èèyàn fúnra ẹ̀ ṣe láti bá a jà. Tẹ́ ẹ bá ṣe IgM lọ́jọ́ kejì tó sì ní kò sí, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ti kòrónà, wọ́n á ki ọ̀pá òwú sí imú. Ìṣòro tó wà nínú IgM ni pé ó lè parọ́. Ní 2020 ní Singapore, àwọn aláìsàn 2 wà tí àyẹ̀wò kíákíá ní dengue ni wọ́n ní, wọ́n tọ́jú wọn bí ẹni tó ní dengue, ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé kòrónà ni, wọ́n tún àyẹ̀wò dengue ṣe, kò sí níbẹ̀. Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n rò pé ẹ̀fọn ló fa tiẹ̀, wọn ò ní bo imú lọ́dọ̀ ẹ̀. Thailand rí òdìkejì ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kéde pé kòrónà pa níbẹ̀, 1 oṣù kẹta 2020, ọmọ ọdún 35, òun gan-an ti ní dengue pẹ̀lú. Ní tiwa, fáírọ́ọ̀sì ibà apọ́njú àti dengue jọ jẹ́ mọ̀lẹ́bí, torí náà abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú tẹ́ ẹ gbà fún yẹ́lò káàdì náà lè da irú àyẹ̀wò IgM yìí láàmú díẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò tẹ́ ẹ bá ti gbà á.

Màláríà wá dá kún un. Ìlú tá a wà yìí, àgbàlagbà púpọ̀ ló ní kòkòrò màláríà díẹ̀ lẹ́jẹ̀ tí ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ní plus kan, kí wọ́n tọ́jú màláríà yẹn, kò burú, kódà ó yẹ, àmọ́ tí ẹni náà bá lo oògùn màláríà pé ọjọ́ 3 tí ibà ò sì gbọ́, ẹ má tún pààrọ̀ oògùn màláríà sí òmíì, ẹ wá nǹkan míì. Taífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi Widal wò, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ìtọ́jú. Kò sí oògùn kankan tó ń pa dengue, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń wò ó sàn níbì kankan. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé ó ń gbé aláìsàn kọjá odò yẹn kó má rì. Ti kòrónà ní àwọn oògùn tó lè ràn án lọ́wọ́ tó bá le. Wàhálà tó wà nínú kéèyàn ní méjèèjì ni pé nǹkan tó ń ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè bá ìkejì jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú omi. Dengue tó bá fẹ́ le, ó máa ń sọ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín di ajere. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò bọ́ sí inú ikùn, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú iṣan á wá ki, bí ọbẹ̀ tó gbẹ lórí iná, omi ti lọ, ata ló kù. Ní lábù a máa ń rí i nínú PCV, ìyẹn iye tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́, ibí yìí ló máa ń dùn mí jù: àwọn èèyàn wa tí wọ́n bá rí PCV tó ga, inú wọn á dùn, "ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀, ẹ kú orí ire." Ẹni tó ní PCV 40 lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó wá di 48 lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, tí platelet ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, já láti 180,000 sí 70,000, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò pọ̀ sí i o, ó ń gbẹ ni. Ẹni yẹn nílò omi, kíákíá.

Omi mélòó? Ìṣirò ni. Ìwọ̀n kílò aláìsàn ni wọ́n fi ń ṣe é, iye mílílítà fún kílò kan ní wákàtí kan, wọ́n á wò ó, wọ́n á dín in kù tàbí kí wọ́n fi kún un, wọ́n á tún PCV wò. Kì í ṣe "ẹ fa dírípù 3 sí i lára kó lágbára" bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn kẹ́míìsì. Torí jíjò yẹn kì í pẹ́, wákàtí 24 sí 48 ni, lẹ́yìn náà ajere á padà di ìkòkò, omi tó ti jò á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú iṣan. Tí dírípù bá ṣì ń kán lákòókò yẹn, omi á pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń san gbèsè ẹ̀. Ẹ wá fi kòrónà kún un, ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní kòrónà tó le, àwọn dókítà kì í fẹ́ kí omi pọ̀ lára ẹ̀. Ẹni tó ní méjèèjì, omi tó kéré lè pa á, omi tó pọ̀ lè pa á, àárín ẹ̀ ló tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi nílò ibi tí wọ́n á ti máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, lọ́sàn-án lóru.

Ẹ̀jẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Kòrónà tó bá le máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní abẹ́rẹ́ heparin tí kò ní jẹ́ kó dì. Dengue ń ṣe òdìkejì, ó ń jẹ platelet run. Bí platelet bá ti ń wọ abẹ́ 50,000, ọwọ́ dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí heparin, tó bá tún já sí i tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń yọ, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á padà sí i nígbà tí platelet bá ń gòkè. Ẹ má sì rò pé kí wọ́n kàn da platelet sí i lára ló máa tán an, tí ò bá ti sí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ, wọn kì í dédé fún un torí nọ́ńbà nìkan.

Dexamethasone ńkọ́? Ní 2020 ìwádìí RECOVERY ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé mílígíráàmù 6 lójúmọ́, ó pẹ́ tán ọjọ́ 10, ń gba ẹ̀mí àwọn tó ní kòrónà tó ti ń lo ọ́síjìn là. Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ni àwọn kan ti sọ ọ́ di oògùn ibà, mo mọ kẹ́míìsì tó ń dì í mọ́ oògùn màláríà nínú ọ̀rá kan náà. Dengue ò nílò ẹ̀. Ẹni tó ní méjèèjì, tí ọ́síjìn ara ẹ̀ bá já wálẹ̀ torí kòrónà, dókítà lè fún un, á sì máa ṣọ́ ṣúgà ẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Tí ọ́síjìn ẹ̀ bá dáa, wọ́n á fi sílẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti abẹ́rẹ́ ìdí. Mo mọ̀ pé àwa ò gbà pé a gba ìtọ́jú tí wọn ò bá gún wa. Ẹni tó ní dengue tí platelet ẹ̀ kéré, abẹ́rẹ́ inú ẹran ara lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣù síbẹ̀, kó wú bí ọsàn. Diclofenac tí wọ́n ń gún fún ara ríro wá burú lọ́nà méjì, abẹ́rẹ́ ni, ó tún wà nínú ẹbí aspirin. Ibuprofen, Cataflam, Feldene, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni kẹ́ ẹ lò, wákàtí 6 síra wọn, àgbàlagbà ò sì gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 3, ìyẹn hóró 6 ti 500, ní wákàtí 24, torí dengue máa ń kọ lu ẹ̀dọ̀ náà. Ẹ fi paraga àti agbo inú ọgógóró sílẹ̀ fún ìdí kan náà. Ewé ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń sọ pé ó ń gbé platelet sókè, mi ò ní bá yín jà lórí ẹ̀, àmọ́ kò rọ́pò ilé ìwòsàn. Ampiclox àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò rí fáírọ́ọ̀sì ṣe. Àwọn bàbá tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lo aspirin kékeré fún ọkàn, ẹ má dédé dá a dúró o, ẹ lọ bi dókítà yẹn lónìí.

Púpọ̀ nínú àwọn tó bá ní méjèèjì lè wà nílé tí kò bá sí àmì ewu. Ẹ máa fún un ní nǹkan mímu díẹ̀díẹ̀ léraléra, ORS, ẹ̀kọ mímu, omi àgbọn, omi ọsàn, kó máa tọ̀ ó kéré tán ní wákàtí 6 síra wọn. Ohun tó wá máa pa aládùúgbò lẹ́rìn-ín ni pé ẹni yìí á bo imú, á tún sùn nínú nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án gangan. Ìbomú ń dáàbò bo àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún un, nẹ́ẹ̀tì sì wà kí ẹ̀fọn má baà fa dengue lára ẹ̀ lọ fún ará ilé, torí bí ẹ̀fọn bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lónìí, nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 12 sí i, ó lè kó o ran ẹlòmíì. Ẹ da omi tó dúró nù náà, táyà àlòkù lọ́dọ̀ fọ́kánáísà, dúrọ́ọ̀mù tí ò ní ìdérí, abọ́ abẹ́ òdòdó. Omi tó mọ́ ló fẹ́ràn, kì í ṣe gọ́tà nìkan lẹ máa wò.

Ohun tó wá ń tan èèyàn jẹ jù lọ ni ọjọ́ tí ara bá tutù. Ibà dengue máa ń gba ọjọ́ 2 sí 7. Ọjọ́ tó bá lọ, ìyá á ṣọpẹ́, wọ́n á se ẹja tútù, àwọn tó wá kí i á padà sílé, àmọ́ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje yẹn gan-an, nígbà tí ara ń tutù, ni jíjò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀. Kòrónà ní tiẹ̀ kì í sáábà le títí ọ̀sẹ̀ kan fi ń parí lọ sí ìkejì. Ẹ rí i pé ọ̀kan ń gbéra kúrò bí ìkejì ṣe ń wọlé. Torí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ sí ara ògiri tàbí inú fóònù, òun ni dókítà á kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọn àmì tí kò gbọ́dọ̀ di àárọ̀ ọ̀la nìyí: inú tó ń run gan-an tí kò dáwọ́ dúró, èébì léraléra, ẹ̀jẹ̀ láti eerìgì tàbí imú, nǹkan oṣù tó kọjá bó ṣe yẹ, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, kó máa tòògbé ṣáá tàbí kó máa ta gìrìgìrì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, kó má tọ̀, kí èémí máa já, kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka sọ pé ọ́síjìn ti wà lábẹ́ 94. Aláboyún, àgbàlagbà, onítọ̀ ṣúgà, ẹlẹ́jẹ̀ ríru, àwọn SS, kí wọ́n má tiẹ̀ dúró de àmì, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá níbi tí FBC ojoojúmọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi PCV àti platelet hàn, ti ṣeé ṣe. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ti lò dání, títí kan Alábùkún, kẹ́ ẹ má tijú.

Wọ́n á jẹ́ kó lọ sílé tí ibà ò bá padà fún wákàtí 48, tó ń jẹun, tí platelet ń gòkè, tí PCV dúró láìsí dírípù, tí èémí ẹ̀ náà sì dáa. Nígbà yẹn, atẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa yún un kíkankíkan, ara á pọ́n, á ní àwọn ojú funfun kéékèèké káàkiri. Àwọn ará ilé á ní oògùn ló ta kò ó. Kì í ṣe oògùn. Bí dengue ṣe máa ń kúrò lára nìyẹn, á sì lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àárẹ̀ tó tẹ̀ lé kòrónà lè pẹ́ ju ìyẹn lọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fi ara balẹ̀ díẹ̀.